Ta ló yẹ ká rán lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní láíbìrì wa?

Ẹ wo tábìlì yìí dáadáa. Ibí ni wọ́n ti ń yá ìwé, ibí náà ni wọ́n ti ń dá a padà. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ láíbìrì, ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì yìí ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Kì í ṣe ọ̀gá láíbìrì, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́pọ̀ ibi, ẹni náà ni owó oṣù rẹ̀ kéré jù nínú ilé, òun náà sì ni wọn kì í rán lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láíbìrì ní Èkìtì, láti Adó dé Ọ̀yẹ́, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìkọ̀lé, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láíbìrì níbikíbi tí ẹ bá wà. Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni mo fẹ́ sọ lónìí: ibi tó wà, bí a ṣe lè rí i gbà, àti ẹni tó yẹ kó kàn. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nígbà náà. Ìyá kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ní ìwé bàọ́lọ́jì níbí?" Mo ní a ní in, mà. Mo mú wọn lọ síbi tí a to àwọn ìwé náà sí, mo nàka sí wọn, mo padà síbi ìjókòó mi. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyá náà fi jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ ká tilẹ̀kùn, àǹtí kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bi mí pé kí ni ìyá yẹn fẹ́ fi ìwé náà ṣe. N kò mọ̀, nítorí n kò bi wọ́n. Àǹtí ti bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. Ọmọ wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn lọ́sibítù pé ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ọmọ náà máa jẹ, àti ohun tí wọn yóò ṣe tí egungun bá ń ro ó lóru. Ìwé ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni mo fi hàn wọ́n.

Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. N kò ṣàìgbọràn sí ìyá náà, ohun tí wọ́n béèrè ni mo fún wọn. Ohun tí n kò ní ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ láíbìrì láti mọ ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ní láíbìrì, ẹni tó ń júwe ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ béèrè.

Ẹ̀kọ́ yìí wà, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wá sọ tirẹ̀ tán, ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí kò ṣe é fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" dáhùn: "Kí lẹ fẹ́ lò ó fún, mà?" Ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ ọ yé. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, nítorí ará àdúgbò lè wà ní tábìlì kejì. Kó tó lọ, ẹ bi í bóyá ohun tó ń wá gan-an ló rí. Àárọ̀ kan péré tó láti kọ́ gbogbo èyí. Ẹni méjì á jókòó, ọ̀kan á ṣe bí ẹni tó wá béèrè nǹkan, èkejì á ṣe òṣìṣẹ́, àwọn yòókù á máa wò wọ́n. Àga méjì ni ìnáwó rẹ̀.

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Ní 1944, wọ́n gbìyànjú ètò kan ní Achimota, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, fún àwọn òṣìṣẹ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ìbàdàn ló wá di orírun fún wa: ní 1959 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ láíbìrì sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gba dìgírì nínú iṣẹ́ yìí kò ní láti kúrò ní Èkìtì mọ́, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà wà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011.

Lẹ́yìn dìgírì, ìgbìmọ̀ kan wà tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1995 láti máa forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì tó kọ́ṣẹ́ yanjú sílẹ̀. LRCN ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi CLN (Certified Librarian of Nigeria) sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì tán, ìgbìmọ̀ náà fẹ́ kí ẹni tó ti wọlé máa lọ fún ẹ̀kọ́ àtìgbàdégbà kí ìmọ̀ rẹ̀ má bàa dógùn-ún. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì ní Nàìjíríà, NLA, ti wà láti 1962, ó ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní Èkìtì, ó sì máa ń ṣe àpérò lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń sọ pé owó ẹgbẹ́ pọ̀ jù, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ni mo ti mọ ẹni tí mo lè pè lórí fóònù bí kátálọ̀gù, àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tó wà ní láíbìrì, bá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Iye ìyẹn pọ̀ lójú mi ju àpò tí wọ́n fi fún wa lọ.

Ti owó ńkọ́? TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2011, ló ń ná owó lórí ẹ̀kọ́ másítàs àti dókítà fún àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ ti ìjọba, òṣìṣẹ́ láíbìrì tó bá wà ní ipò olùkọ́ ní yunifásítì sì wà nínú wọn. Ó tún ń ná owó lórí lílọ sí àpérò. Ẹ má kọ lẹ́tà lọ sí Àbújá fúnra yín. Ẹnì kan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ yín tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ TETFund. Ẹ lọ bá a kí ọdún tó parí, kì í ṣe nígbà tí àpérò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ báyìí. LRCN, ẹni tó ti gboyè ni. Másítàs TETFund, ẹni tó wà ní ipò olùkọ́ ni. Ta wá ni ti ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì tí mo fi hàn yín níbẹ̀rẹ̀? Ìwé mẹ́wàá ló mú wọṣẹ́, ó ti lo ọdún méjìlá, ó mọ orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń pẹ́ kó tó dá ìwé padà, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan láti ọjọ́ tó dé. Ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan náà ló máa ń lọ sí gbogbo wọ́kìṣọ́ọ̀pù, ọdún dé, ọdún lọ. Tó bá padà dé, fáìlì rẹ̀ á wọ dúrọ́ọ̀, á kú síbẹ̀. Àwa tí a wà nísàlẹ̀, ìrésì àti àwòrán tí wọ́n yà níbẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́ nípa rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, ní dìgírì nínú ẹ̀kọ́ láíbìrì, ẹ sì lè máa kà á lọ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, WebJunction, tí OCLC, àjọ kan tó ń so àwọn láíbìrì pọ̀, dá sílẹ̀ ní 2003, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí gbogbo nǹkan láti bí a ṣe ń bá ẹni tó ń bínú sọ̀rọ̀ títí dé bí a ṣe ń yọ ìwé tó ti gbó kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n á sì fún yín ní ìwé-ẹ̀rí tí ẹ lè tẹ̀ jáde. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà ni wọ́n ní lọ́kàn nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, torí náà ẹ mú èyí tó bá ilé wa mu. Research4Life, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó rí ìwádìí kà, náà ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ bí a ṣe ń wá ìwádìí nípa ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ jáde. AfLIA, ẹgbẹ́ àwọn láíbìrì ilẹ̀ Áfíríkà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àkrà, máa ń kéde ètò tirẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Dátà ń jẹ owó, mo mọ̀. Ẹ wà á sórí fóònù lóru tí dátà bá dínwó, kí ẹ gbọ́ ọ lọ́sàn-án.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu polówó: Koha. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú kátálọ̀gù àti àkọsílẹ̀ ìwé yíyá ni. Láíbìrì agbègbè kékeré kan ní New Zealand, ní Horowhenua, ló bí i. Ní 1999, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ àtijọ́ wọn kò ní lè wọ ọdún 2000. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan kọ tuntun fún àwọn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2000, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ní èdè àwọn Māori, "koha" túmọ̀ sí ẹ̀bùn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí kì í ṣe ìlú ńlá ló ṣe é.

Ní Èkìtì níbí, kò sí ọmọ tí wọ́n fi ẹnu lásán kọ́ ní bí a ṣe ń gún iyán. Wọ́n gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́ ni. Koha náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ kó ogún ìwé sí i, kí olúkúlùkù yá a, kó dá a padà, kó bà á jẹ́, kó tún un ṣe. Ẹ má lo èyí tí àwọn òǹkàwé ń lò fi kọ́ṣẹ́ láéláé.

Ohun tí wọn kì í sábà kọ́ wa níbi wọ́kìṣọ́ọ̀pù ni bí a ṣe ń kọ ìwé Yorùbá sínú kátálọ̀gù. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú ìwé wa. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi àmì sí i, tí èkejì kò fi sí i, tí ẹ̀kẹta lo fọ́ǹtì àtijọ́ tó ń di wúruwùru lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ìwé wà lórí pẹpẹ, òǹkàwé kò sì ní rí i. Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, lẹ́tà "ọ" ní àyè tirẹ̀, lẹ́tà "ó" ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní. Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀ kí lẹ́tà yẹn tó jáde. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé lo kíbọ́ọ̀dù kan náà, kí ẹ sì kọ ìlànà náà sílẹ̀. Nọ́ńbà èdè wa nínú ètò Dewey, tí a fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, ni 496.333, tí ẹ bá sì ń lo ti Library of Congress, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti PL8821. Ní ti àwọn ìwé kékeré tí ìlú fúnra wọn tẹ̀, ìtàn ìlú, ìwé ètò ìwúyè ọba, àlímánáàkì ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ẹ gbà wọ́n, ẹ tọ́jú wọn. Bí kò bá sí ní láíbìrì Èkìtì, a jẹ́ pé kò sí níbì kankan.

Ẹ má sì fojú kéré àwọn ọmọ tó ń wá ṣe SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níta ilé ẹ̀kọ́, lọ́dọ̀ yín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń fi fóònù ya ojú ìwé tó ń ya kí ó mọ́lẹ̀ ketekete.

Ẹ̀yin ọ̀gá láíbìrì, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹ fún wa ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹni tí ẹ bá rán lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́ àwọn yòókù láàárín ọjọ́ méje tó bá dé, kó tó gba owó ọkọ̀ tó kù. Àwa náà tó ń kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, ẹ má kọ "mo fẹ́ lọ mú ìmọ̀ mi gbòòrò sí i" mọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́, iye owó ọkọ̀ àti ibùsùn, iṣẹ́ tí yóò yàtọ̀ ní láíbìrì tí ẹ bá padà, àti ọjọ́ tí ẹ máa kọ́ àwọn yòókù. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò rọrùn fún ọ̀gá láti dá padà.

Níbi tí mo wà báyìí, Ọjọ́rú ni tiwa, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. A pe bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn, torí bàbá ni àwọn òǹkàwé máa ń kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan dé, ó ní ìwé òfin lòun ń wá. Mo gbọ́ ohùn bàbá láti inú ilé: "Má bínú o, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ lò ó fún?"