Olúwa, Ṣí Èbúté fún Wa

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A kú ewu òru, a sì dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà.

Ẹrù kan wà lọ́kàn mi lọ́sẹ̀ yìí tí mo fẹ́ kí a jọ gbé síwájú Ọlọ́run. Ó jẹ mọ́ àwọn tí Ọlọ́run ti fún ní ọgbọ́n, agbára àti iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí ibi tí wọn yóò ti lò ó. Ẹni tó bá dúró sí etí òkun Lẹ́kkí kí oòrùn tó yọ yóò rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ti sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ojú yóò mọ èyí tó kún yàtọ̀ sí èyí tó ṣófo. Èyí tó ṣófo máa ń léfòó, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kun ìdí rẹ̀ á hàn gbangba. Èyí tó rù kún á rì wọ omi títí pupa náà kò fi ní hàn mọ́. Àwọn tó rì yìí ni mo máa ń wò pẹ́. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹ́ńjìnnì wọn yè, ọ̀gá atukọ̀ wọn mọ ọ̀nà, ẹrù wọn pé, àwọn tó ni ẹrù sì ń retí rẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Kánò. Èbúté ni kò tíì gbà wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin rí. Ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà dójú àmì, síbẹ̀ iṣẹ́ ojúmọ́ ló ń wá kiri ní èbúté Àpápá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì, ìbọ̀wọ́ kálukú nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, wọ́n ń tẹ́tí sí orúkọ tí alábòójútó yóò pè. Ní ọjọ́ tí wọn kò bá pè é, á dúró títí di ọ̀sán, bóyá ọkọ̀ mìíràn yóò wọlé, lẹ́yìn náà á fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Bí ìyá wa bá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti fọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tó rí i pé aṣọ náà mọ́ tónítóní bó ṣe wọ̀ ọ́ jáde, ẹkún ni Màmá máa ń sun.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ níwájú Olúwa: kì í ṣe gbogbo ìdádúró ni ọwọ́ ayé tàbí àìní ìgbàgbọ́ ń fà. Ní ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti bèèrè fún sìmẹ́ńtì tó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ẹrù lọ́dún. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun, ìlú ń san owó ìdádúró fún àwọn ọlọ́kọ̀, ọ̀rinrin òkun sì mú kí púpọ̀ nínú sìmẹ́ńtì náà dì gbagidi nínú ọkọ̀. Ọdún 1977 ni wọ́n tó ṣí èbúté Tin Can Island láti dín ìfúnpọ̀ kù. Àwọn atukọ̀ kò ṣẹ̀; ọwọ́ tó fi kálámù kọ̀wé ní ọ́fíìsì ló dá wọn dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbàdúrà oúnjẹ òòjọ́ tí kò gbàdúrà nípa àwọn tó ń ṣèjọba ti fi ìdajì àdúrà rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi kò sì fara mọ́ ìwàásù tó ń sọ pé ẹni tó ń dúró kò pàdánù ohunkóhun. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan ń jó epo, àwọn atukọ̀ rẹ̀ ń jẹun, ẹrù mìíràn sì ń bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Sáàmù 107, àwọn tó ń ṣòwò lórí omi ńlá ké pè é nínú ìpọ́njú wọn, ó dá ìjì náà dúró, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí ó fi mú wọn dé èbúté tí ọkàn wọn ń fẹ́. Ẹ dìde, kí àwa náà ké pè é.

Baba wa, ìwọ tó fi iyanrìn ṣe ààlà òkun, a dúpẹ́ pé o rí wa níbi tí a dúró sí. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu géètì, Olúwa, jẹ́ kí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Jẹ́ kí òógùn àti ìdọ̀tí iṣẹ́ wà lára aṣọ àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá padà wálé, kí owó wà lápò wọn, kí ẹ̀rín wà lẹ́nu ìyá wọn. Ohun tí o fi sínú wa, má jẹ́ kí ó dì gbagidi nínú wa. Má jẹ́ kí ọjọ́ ogbó bá ẹ̀bùn wa láìtíì lò.

Olúwa, rántí àwọn atukọ̀ tó jìnnà sí aya àti ọmọ wọn; gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjì àti ajalèlókun. Rántí àwọn awakọ̀ tírélà tó ń sùn sójú títì. Bíréèkì wọn kò ní já, kọ̀ńténà kò ní wó lé ọkọ̀ ọmọ wa lórí.

Kọ̀ńténà tó kún wọ Èkó, tó ń padà lófo, Olúwa, fi kòkó Oǹdó kún un, fi kaṣú Ògbómọ̀ṣọ́ kún un, fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa kún un!

Ọlọ́run Èlíjà, dìde! Gbogbo ọwọ́ tó ń gba rìbá kó tó fọwọ́ sí ìwé, tú àṣírí rẹ̀! Gbogbo àga ìjọba tó ń fi ebi pa tálákà, mì í tìtì! Bí ìbò ọdún 2027 ṣe ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ fi ìrẹsì ra ọjọ́ ọ̀la ọmọ wa, da ìmọ̀ rẹ̀ rú! Fún wa ní olórí tó ń bẹ̀rù rẹ, tó ń ka iye kó tó náwó, tó lè sùn lébi kí ará ìlú lè yó. Fún àwa náà ní ìgboyà láti kọ owó wọn lójú ebi. Má dákẹ́, Olúwa. Má dákẹ́ títí ìlú wa yóò fi gba àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín, àṣẹ.