Ẹ Má Ra Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Sí: Ìdí Tí Géèmù Early Access Fi Ń Pẹ́

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Lónìí, géèmù tí wọ́n ń tà nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀ la máa sọ̀rọ̀ lé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní early access. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ra géèmù lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ ti mọ ìyẹn. Ìdí tó fi ń pẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ibì kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé kí owó tó kúrò lápò.

Ibi tó ń ká mi lára jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé géèmù early access èyíkéyìí. Ẹ ti rí fídíò ìpolówó, ẹ ti rí àwòrán, ẹ ti rí iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ yí i wálẹ̀. Ẹ tún yí i wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Àpótí aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀. Ẹ dúró! Ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn máa ń fò kọjá! Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé géèmù yìí kò tíì pé, pé ó lè yí padà, ó sì lè má yí padà mọ́, pé tí kò bá wù yín láti gbá a bó ṣe wà báyìí, kí ẹ dúró ná kí ẹ wo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ máa dé. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ẹni tó fẹ́ gba owó yín ló ń sọ fún yín pé ẹ má tíì rà á. Ọlọ́jà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ṣe géèmù náà fi ọwọ́ ara wọn dáhùn. Kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á báyìí? Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Báwo ni èyí tó bá parí ṣe máa yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀? Ìkẹta yìí ni gbogbo wa ń sáré kà, torí ibẹ̀ ni ìlérí wà. Ẹ fò ó. Mo mọ̀ pé òun ló wù yín, ẹ ṣáà fò ó ná. Ìkẹrin ni kí ẹ kà: báwo ni géèmù náà ṣe wà lọ́wọ́lọ́wọ́? Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

OHUN TÓ WÀ NÍBẸ̀ LÓNÌÍ NI KÍ Ẹ RÀ. Màá tún un sọ. OHUN TÓ WÀ NÍBẸ̀ LÓNÌÍ!

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ra géèmù kan nígbà kan torí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní ọkọ̀ ń bọ̀, wọ́n ní a máa lè kó ọjà láti erékùṣù kan sí òmíràn. Mo rí àwòrán ọkọ̀ yẹn, ọkàn mi lọ síbẹ̀, mo sanwó. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn nínú géèmù yẹn títí ó fi sú mi. Mo bínú gan-an, mo sì fi àtàǹpàkò ìsàlẹ̀, àmì pé géèmù ò dáa, sí i. Ọjọ́ tí mo padà ka ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin, ó wà níbẹ̀ kedere pé orí ilẹ̀ nìkan lèèyàn lè rìn báyìí. Ọkọ̀ ni mo sanwó fún, wọn ò sì ta ọkọ̀ fún mi.

Nítorí náà, ohun tí mò ń ṣe nìyí. Steam máa ń dá owó padà tí kò bá tíì pé ọjọ́ 14 tí ẹ rà á, tí ẹ ò sì tíì gbá a tó wákàtí 2. Early access wà lábẹ́ òfin yẹn náà. Mo máa ń gbá a fún bíi wákàtí kan, màá wá dúró, màá bi ara mi pé: tí wọn ò bá fi ohunkóhun kún géèmù yìí mọ́ láéláé, ṣé owó mi ò ṣòfò? Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé ó ṣòfò, mo dá a padà lójú ẹsẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ó dáa. Ẹ ti rà á, ẹ fẹ́ràn rẹ̀, oṣù mẹ́jọ ti kọjá, nǹkan tuntun ò jáde. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Aránṣọ ni ìyá mi. Mo máa ń fi èyí ṣàkàwé ní gbogbo ìgbà, ẹ gbà mí láàyè kí n tún fi ṣe é. Ẹni tó ni aṣọ á dé, á wọ̀ ọ́ wò, á ní, "Màmá, ẹ kàn bá mi fẹ èjìká yìí díẹ̀." Kàn! Díẹ̀! Lójú tiẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìyá mi á mú abẹ́, á tú èjìká. Kí èjìká tó tú, apá gbọ́dọ̀ tú. Bí apá bá ti tú, ọrùn ò jókòó dáadáa mọ́, ọrùn náà á tú. Tí ẹ bá wọlé lọ́jọ́ kejì, aṣọ tó ti fẹ́ẹ̀ parí lánàá ti di ègé-ègé lórí tábìlì, ẹ ó sì ní màmá ti ba aṣọ jẹ́. Màmá ò ba nǹkan kan jẹ́ o, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Bí kóòdù géèmù, ìyẹn àwọn ìtọ́ni tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ mú ohun tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè: "Ẹ jẹ́ kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi lè jọ gbá a." Géèmù tí wọ́n kọ́ fún ẹnì kan, kọ̀ǹpútà kan ló mọ̀. Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí, ọ̀rọ̀ parí. Bí a bá ti di méjì, kọ̀ǹpútà tèmi gbọ́dọ̀ sọ fún tìrẹ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Tí àwa méjèèjì bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ ṣí i? Tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ bá falẹ̀, ṣé ilẹ̀kùn á ṣí lójú mi, á sì wà ní títì lójú rẹ? Gbogbo ilẹ̀kùn, gbogbo àpò, gbogbo ọta ìbọn inú géèmù yẹn ló ní ìbéèrè yìí. Ẹ tú èjìká!

Ẹ wo Project Zomboid, géèmù tí èèyàn ti ń sá fún òkú tó ń rìn. Ọdún 2011 ni àwọn The Indie Stone tó ṣe é ti ń tà á. Lọ́dún yẹn náà, olè wọlé wọn, wọ́n jí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kóòdù wà nínú rẹ̀ gbé lọ, iṣẹ́ wọn kan sì bá a lọ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó dé orí Steam ní 2013. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń jà ṣe, ẹ̀dà tuntun yẹn ni wọ́n ń pè ní Build 41. Wọ́n gbé e síta fún ìdánwò ní 2019, àmọ́ àǹfààní kí èèyàn púpọ̀ jọ gbá a, tó ti wà nínú èyí àtijọ́, kò sí nínú rẹ̀. Ó ti tú! December 2021 ló tó padà. Bíi ọdún méjì gbáko tí aṣọ fi wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá gbá a lẹ́yìn ìyẹn mọ ìdí tí wọ́n fi tú u.

Ẹnì kan á wá ní, "Ṣebí owó ti wọlé, kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ sí i." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń tán mi ní sùúrù! Ẹni tuntun ò mọ kóòdù náà. Ta ló máa kọ́ ọ? Ẹni tó mọ̀ ọ́n náà ni, ẹni tó yẹ kó máa ṣe ohun tí ẹ ń retí. Ẹ wo géèmù Valheim. Èèyàn márùn-ún péré ló wà ní Iron Gate, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Sweden, nígbà tó jáde ní February 2021. Kó tó bíi oṣù kan, ó ti lé ní mílíọ̀nù 5 ẹ̀dà tí wọ́n tà. Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn márùn-ún, mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn ń mú bug, ìyẹn àṣìṣe inú géèmù, wá fún wọn. Wọ́n ti ṣèlérí àtúnṣe ńlá mẹ́rin fún ọdún yẹn. Ẹyọ kan péré, Hearth & Home, ló jáde, ní September. Wọ́n bọ́ síta, wọ́n ní àwọn ò ní lè bá àtẹ ìlérí yẹn lọ mọ́, wọ́n sì pa á tì. Ọjà tó tà jù ló dá wọn dúró! Mistlands, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn tí gbogbo èèyàn ń retí, December 2022 ló dé.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá dákẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ o. Àwọn kan ti sá lọ. Steam gan-an ti ń fi àkíyèsí sí ojú ewé géèmù early access tó bá ti pé ọdún kan tí wọn ò fọwọ́ kàn án, ẹ máa wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ nìkan ṣèdájọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣòro tó ní orúkọ: ilẹ̀kùn báyìí ò ṣí, ohun tí a gbìyànjú nìyí, kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti lọ máa ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn tí kò ní eegun nínú. Àwọn tó ṣe géèmù Factorio, ní orílẹ̀-èdè Czech, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lọ́jọ́ Friday láti 2013 nípa ohun tí wọ́n tú àti ohun tí wọ́n rán, wọ́n sì ń kọ ọ́ nìṣó títí 1.0, ìyẹn ẹ̀dà tó pé, fi jáde ní August 2020. Mo máa ń ka ìwé yẹn ju bí mo ṣe ń gbá géèmù lọ nígbà mìíràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Tí ẹ bá rí bug, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ ń gbá. Ó tán. "Géèmù yín ti kú" kì í ṣe ìròyìn.

Tí kò bá sì sí nǹkan tuntun, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ lọ gbá òmíràn. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ jókòó tì í lójoojúmọ́. Èyí tí mò ń dúró dè, mo ti pa á tì láti bíi ọdún kan. Àná ni àtúnṣe ńlá rẹ̀ dé. Mo ṣí i, gbogbo ibi tí mo ti gbá a dé tẹ́lẹ̀ ò ṣí mọ́, ilé tí mo kọ́, oko, gbogbo rẹ̀. Mo tẹ "New Game". Títí di aago méjì òru, orí òkè àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà, mò ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ inú igbó, nítorí wọ́n ti tún ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe.