Ìwé Ẹjọ́ Kì í Ṣe Ti Akọ̀wé Kóòtù

Alága ìjókòó, ẹ̀yin agbẹjọ́rò, àti ẹ̀yin akọ̀wé kóòtù tí ẹ fara pamọ́ sí ẹ̀yìn yàrá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ má tíì dìde. Ọ̀rọ̀ bí ará ìlú ṣe lè rí ìwé ẹjọ́ gbà ní kóòtù ni mo wá sọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀.

Abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàṣẹ pé gbangba ni kí kóòtù ti máa gbọ́ ẹjọ́, kí ó sì ti máa ka ìdájọ́. Abala 294 ní kí ẹ̀dà ìdájọ́ tẹ àwọn tó ń ṣẹjọ́ lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 7. Èmi àti ẹ̀yin tí òfin gbà láyè láti jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Àwọn abala yìí kò dárúkọ wa mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ìwé. Abala 104 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní kí òṣìṣẹ́ tí ìwé ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ gba owó tó tọ́, kí ó sì fún ẹnikẹ́ni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìwé náà wò ní ẹ̀dà tí a fi òǹtẹ̀ lù. Ọ̀rọ̀ “lẹ́tọ̀ọ́” yẹn gan-an ni wọ́n fi ń lé ènìyàn padà ní kóòtù: “Ṣé ẹ wà nínú ẹjọ́ náà ni? Agbẹjọ́rò yín dà?”

Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni èyí ti ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ jù. Bí ẹnì kan bá ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, ìdájọ́ tó bá gbẹ̀yìn ẹjọ́ náà yóò mú un, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò mọ òfin yìí, n kò ní tú u palẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni aránṣọ tó fẹ́ ra ilẹ̀ díẹ̀ ní Ìkòròdú yóò ṣe mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ẹjọ́ àti orúkọ àwọn tó ń ṣẹjọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í bó bá lọ wádìí ní kóòtù? Àwọn kan ń pariwo pé bí a bá ṣí ìwé sílẹ̀, oníjìbìtì yóò rí i lò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹbí tó ń ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn méjì mọ ọjọ́ tí wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹni tó ń kówó sílẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ìtọ́jú ìwé ni ìyá kan nawọ́. Wọ́n ní: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ tú ìgbéyàwó mi ká, ìwé ìròyìn gbé orúkọ mi jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tí ọkọ mi fẹ̀sùn rẹ̀ kàn mí. Ṣé irú èyí lẹ fẹ́ kó pọ̀ sí i?”

Mo bi wọ́n pé: “Ìyá wa, ṣé ìwé ìròyìn náà gbé ohun tí kóòtù rí ní òtítọ́ jáde?” Wọ́n ní rárá. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn: ẹ̀sùn ti di ti gbogbo ayé, ìdájọ́ wà nínú àpótí, kò sì sẹ́ni tó lè fi èkejì yẹ èkíní wò. Ṣùgbọ́n ìyá ń béèrè ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì jayò pa. Abala 36 kan náà gba kóòtù láyè láti lé èrò jáde nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ẹjọ́ kàn. Nítorí náà, nínú ẹjọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n yọ orúkọ tọkọtaya, ti àwọn ọmọ àti àdírẹ́sì kúrò kí ẹ̀dà tó dọ́wọ́ ará ìta. Àmọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ owó ìlú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n sáré. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011, tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ka ẹ̀ka ìdájọ́ mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7, kò sì ní kí a sọ ìdí tí a fi ń béèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Kóòtù Gíga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí mú gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ lò ó. Nípa ìtọ́jú, gbogbo yín lẹ mọ bí iná ṣe jó kóòtù Igbosere, l'Ékòó, tòun ti ìwé inú rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ará ìlú, iná kò lè jó o tán. Ẹ̀yin akọ̀wé, iye owó ẹ̀dà ojú ewé kan, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i.