Ta Lò Ń Jẹ́rìí Fún?

As-salaamu alaykum. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì Muhammad.

Lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì, bàbá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ní bí ẹgbẹ́ òun bá fa ewúrẹ́ kalẹ̀, òun á dìbò fún un. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun tán nìyẹn o!

Nínú Súrà An-Nisáà, áyà 135, Ọlọ́hun ní ká jẹ́ ẹlẹ́rìí òdodo nítorí Òun, ìbáà tako àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ìbátan wa. Bó o bá dìbò fún ẹnì kan, ẹ̀rí lo ń jẹ́ fún un yẹn. Bó ò bá gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ìyá tó bí ọ lórí irọ́, ṣé ti ẹgbẹ́ òṣèlú ni Ọlọ́hun á fojú fò?

Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ló gba ìtàn yìí wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Sahih al-Bukhari. Ànábì jókòó láàárín àwọn èèyàn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lárúbáwá oko kan yọ dé, kò dúró kí ọ̀rọ̀ tán: "Ìgbà wo ni Àlùkìyámọ̀?" Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ó gbọ́, ìbéèrè náà ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn mìíràn ní kò gbọ́ rárá. Nígbà tó parí ọ̀rọ̀, ó ní: "Ẹni tó ń béèrè nípa Àlùkìyámọ̀ dà?" "Èmi rèé, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun." Ó ní: "Bí wọ́n bá ti ra àmáánà (ohun tí wọ́n fi síni níkàáwọ́) láre, máa retí Àlùkìyámọ̀." Ará oko yìí kò fi í sílẹ̀ (mo fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí): "Báwo ni wọ́n ṣe ń rà á láre?" Ó ní: "Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ lé ẹni tí kò tọ́ sí lọ́wọ́, máa retí Àlùkìyámọ̀."

Ta ló ń gbé e lé wọn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà? Àtàǹpàkò rẹ ni! Òótọ́ ni pé àmì ẹgbẹ́ ló wà lórí ìwé ìdìbò, orúkọ olùdíje ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì kì í jókòó sórí àga gómìnà, àmì kì í fọwọ́ sí ìwé owó. Èèyàn ni.

Àwọn olóṣèlú tí ẹ sì ń torí wọn bá ọmọ ìyá yín yodì, wọn ò bá ẹgbẹ́ kankan mulẹ̀. Ní 2013, gómìnà PDP márùn-ún bọ́ sínú APC. Ọ̀kan nínú wọn, Rabiu Kwankwaso, padà sí PDP ní 2018, ó tún kọjá sí NNPP ní 2022. Ìwọ nìkan lo sọ ẹgbẹ́ di ẹ̀sìn.

Ẹ̀yin "dìbò kó o sebẹ̀" ńkọ́? Ànábì ka ẹni mẹ́ta tí Ọlọ́hun ò ní bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọ̀kan ni ẹni tó torí nǹkan ayé nìkan bá olórí ṣe àdéhùn: bó bá rí gbà, ó dúró tì í, bí kò bá rí gbà, ó yẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun!

Ẹ wádìí ẹni tó ń díje. Kí ló fi owó ìlú ṣe nígbà tó wà nípò? Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ṣé ó san owó wọn? Bó bá di ọjọ́ ìdìbò, ìwé ti ààrẹ lọ́tọ̀, ti sẹ́nétọ̀ lọ́tọ̀, ti ilé aṣojú-ṣòfin lọ́tọ̀. Kò sófin tó ní ẹgbẹ́ kan náà lo gbọ́dọ̀ tẹ̀ fún lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.