Bí ẹ ṣe lè fi hóró ẹ̀wà kan kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní lẹ́tà Ẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí. Láti Àkúrẹ́ ńbí ni mo ti ń kí yín. Ẹ pọ̀ gan-an tẹ́ ẹ ní kí n ṣe Ẹ, torí àwọn ọmọ ń pe E àti Ẹ bákan náà. Lẹ́tà karùn-ún ni nínú 25 tí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní. Ohun tá a máa lò ni páálí tó tóbi tó ojú ìwé kan, máákà dúdú, ṣọ́ọ̀kì àti ẹ̀wà ìkúnwọ́ kan. Ó tán.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan máákà. Etí àti ẹnu ni Ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kó pe "e". Ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì. Kó wá pe "ẹ". Ẹ wò ó! Ṣé ẹ rí i bí àgbọ̀n ṣe ti ọwọ́ lọ sísàlẹ̀? Ọmọ á ti mọ̀ ọ́n lára kó tó mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ dà á pọ̀ fún un: e, ẹ, ẹ, e. Ẹ má jẹ́ kó pariwo o. Tó bá ti ń pariwo, ẹnu á là gbàgà fún méjèèjì, ìyàtọ̀ á sì sọnù.

Eré wá kàn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrìkìtì méjì sílẹ̀, ọ̀kan Ìdànrè, èkejì Àkúrẹ́. Ẹ tẹ́tí sí ìparí wọn: Ìdànrè, e. Àkúrẹ́, ẹ. Tẹ́ ẹ bá pe ọ̀rọ̀ tó ní e, kí wọ́n fò sí Ìdànrè. Tó bá jẹ́ ẹ, Àkúrẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọ̀rọ̀ tí ohùn náà ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì: ẹsẹ̀, ẹyẹ, ẹrẹ̀, ewé, ètè. Ìgbà tó bá wọ̀ wọ́n létí tán, ẹ mú ẹja, ẹnu, ejò, eku. Ewúrẹ́ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. E ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ló fi parí, ọmọ á kàn dúró sáàárín ni.

Àwọn kan máa ń wo ọ̀rẹ́ wọn kí wọ́n tó fò. Ẹ ní kí gbogbo wọn dijú, kí wọ́n nawọ́ síbi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n lajú, kí wọ́n wá fò. Ọmọ mẹ́jọ ti tó lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má baà forí gbárí.

Ó yá, máákà. Ẹ kọ e gàdàgbà sórí páálí, kó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ yín. Kí ọmọ fi ìka tọ̀ ọ́: láti àárín, fà á sọ́tùn-ún, gbé e gba òkè, yí i sósì, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, má pa á dé. Ó di e. Kó wá mú ẹ̀wà kan ṣoṣo, kó gbé e sábẹ́ rẹ̀, kó pe "ẹ" bó ṣe ń gbé e. Kó mú un kúrò: "e". Kó dá a padà: "ẹ". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́! Mo ti sọ ọ́, màá tún un sọ. Ẹ̀wà tó ń kúrò tó tún ń padà yẹn ló ń fi han ọmọ pé àmì ìsàlẹ̀ ló yí ohùn padà. Tẹ́ ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́, ó di ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ẹnì kan bèèrè bóyá òun lè fa ìlà kékeré dípò àmì róbótó. Kò burú, ìwé míì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọmọ bá ń gbé ẹ̀wà sórí lẹ́tà, àmì ohùn ló rí lára ògiri. Ẹ má tíì fi àmì ohùn sí páálí Ẹ yín rárá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni káàdì olówó iyebíye tí wọ́n kọ "eja" sábẹ́ àwòrán ẹja. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ fi máákà tún un ṣe kí ọmọ tó rí i.

Ẹ ka ẹ̀wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un kà nígbà tẹ́ ẹ bá parí. Ọmọdé máa ń ti ẹ̀wà bọ imú, ó sì máa ń wú níbẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ e ńlá sílẹ̀, kẹ́ ẹ lo ìdérí ike bọ́tà dípò ẹ̀wà.

Tí ọmọ bá ti ń fò sí Àkúrẹ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ẹ̀wà lọ sábẹ́ O. Ọwọ́ abẹ́ àgbọ̀n ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà.