Níbo Lọkọ̀ Yín Ń Sùn? Ọ̀rọ̀ Lórí Slate, Píkọ́ọ̀pù Kékeré Oníná Mànàmáná

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo ọkọ̀ tó wà lójú fídíò yìí dáadáa. Wọn ò kùn ún lọ́dà. Kò ní rédíò. Kò sí gílásì ńlá kankan tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ lẹ máa fi yí i sókè, ọwọ́ náà lẹ máa fi yí i wálẹ̀, bíi ti píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tá a mọ̀ nílé. Síbẹ̀, iná mànàmáná ló ń gbé e rìn. Slate lorúkọ rẹ̀.

Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Slate Auto ṣíṣọ lójú rẹ̀ ní California. Michigan ni ilé-iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí, Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀ wà lára àwọn tó fowó sí i, Warsaw ní ìpínlẹ̀ Indiana sì ni wọ́n yàn láti máa tò ó, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó fi 50 dọ́là gbàyè sílẹ̀ fi lé ní 100,000. Ìpárí 2026 ni wọ́n dá fún àwọn oníbàárà. Láti ìgbà náà ni àwọn ará wa ní Houston níbí ti ń bi mí pé, ṣé káwọn rà á?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí inú àwọn èèyàn fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, píkọ́ọ̀pù kékeré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì. Ìjà adìyẹ wà lára ohun tó fà á. Àwọn ará Yúróòpù gbé owó lé adìyẹ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, ni ìjọba Ààrẹ Lyndon Johnson bá gbẹ̀san: láti 1964, wọ́n gbé owó bodè ìdá 25 nínú 100 lé píkọ́ọ̀pù tó bá ti òkèèrè wọlé. Wọ́n mú owó náà kúrò lórí àwọn ọjà mìíràn tí ìjà ọ̀hún kàn, àmọ́ ti ọkọ̀ kò kúrò. Lẹ́yìn náà ni òfin lórí epo tí ọkọ̀ ń mu tún rọ ọkọ̀ ńlá lọ́rùn ju kékeré lọ. Àbájáde rẹ̀ lẹ ń rí lójú títì yẹn: Ford F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà mẹ́fà. Slate kò pé mítà mẹ́rin ààbọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìrìn. Oríṣi bátìrì méjì ló wà. Èyí tó kéré jẹ́ 52.7 kilowatt-hour, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú, ilé-iṣẹ́ náà sì ní yóò gbé yín rin 150 máìlì. Tẹ́ ẹ bá fowó kún owó, èyí tó tóbi yóò tó 240. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ 150, wọ́n ní kò tó. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo wá fi ìwé pélébé kan sínú ọkọ̀ tí mò ń wà, mo ń kọ máìlì sílẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọjọ́ Ajé, 41. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 38. Ọjọ́rú tí mi ò ju ọjà lọ, 9. Ọjọ́ tó pọ̀ jù ni Sátidé tá a lọ síbi ìkómọ ní òdìkejì ìlú: 67. Kì í ṣe èmi nìkan o. Ìṣirò ìjọba níbí ni pé awakọ̀ kan ń rin nǹkan bíi 13,500 máìlì lọ́dún. Ẹ pín in, kò pé 40 lójúmọ́.

Torí náà, kì í ṣe bó ṣe jìnnà tó ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè ni pé: níbo lọkọ̀ yín ń sùn?

Bó bá ń sùn sí gáréèjì yín, tàbí lẹ́bàá ògiri ilé yín, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó wà lára ògiri níbí á fún irú ọkọ̀ yìí ní bíi máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan. Ẹ wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ jáde ní mẹ́fà ìdájí, 40 máìlì ti wọlé lójú oorun. Tó bá jẹ́ iná 240 volt, irú èyí tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ń lò, á máa gba bíi 20 máìlì ní wákàtí kan. Ẹ ò ní tò sílé epo mọ́.

Bó bá jẹ́ ìta gbangba ló ń sùn, níwájú ilé àjùmọ̀gbé tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan kò sí, ẹ dúró ná. Ẹ máa máa wá iná kiri ni, iná ìta sì máa ń wọ́n ju ti ilé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe. Òkè ló ń gbé, ó wá fa wáyà ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n láti fèrèsé kíṣìnnì wá sídìí ọkọ̀ iná rẹ̀. Lóru ọjọ́ kẹta, òórùn rọ́bà tó ń jó ló jí i. Nígbà tó fi máa fa púlọ́ọ̀gì yọ, ara rẹ̀ ti dúdú, ike rẹ̀ ti rọ̀ bí àbẹ́là. Ọmọ méjì ló ń sùn nínú yàrá tó tẹ̀ lé kíṣìnnì yẹn. Ọkọ̀ máa ń fa iná fún wákàtí mẹ́wàá láìsinmi, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé e.

Ní ti ẹrù, ó gbìyànjú. Wọ́n ní agbára rẹ̀ jẹ́ 1,433 pọ́nùn, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ yọ èèyàn méjì kúrò, kó jẹ́ 180 pọ́nùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, á ṣẹ́ku ààyè fún àpò ìrẹsì oní-50 pọ́nùn mọ́kànlélógún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dáná òde, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń fi ọkọ̀ fa tírélà, ẹ gbàgbé ẹ̀: 1,000 pọ́nùn péré ló lè fà.

Ìjókòó méjì ló ní. Tẹ́ ẹ bá bímọ mẹ́ta tẹ́ ẹ sì ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, kò lè bá yín mu. Lóòótọ́, wọ́n ní ẹ lè ra òrùlé àti ìjókòó ẹ̀yìn tó máa sọ ọ́ di ọkọ̀ èèyàn márùn-ún, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ nìyẹn, ibi ẹrù sì lọ nìyẹn.

Ọ̀nà jíjìn ńkọ́? Houston sí Dallas jẹ́ nǹkan bíi 240 máìlì. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, eré máa ń jẹ iná, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbọ́kàn lé 150 yẹn pérépéré. Ẹ máa dúró lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní iná alágbára á gbé bátìrì láti 20 dé 80 nínú 100 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin ará Chicago, ẹ tún ro ti òtútù mọ́ ọn. Tí yìnyín bá ń já bọ́ tẹ́ ẹ sì tan híítà, kò ní yà mí lẹ́nu tó bá jẹ́ 100 ló ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ owó ló dùn mí. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, wọ́n ní tí ìjọba bá fi 7,500 dọ́là ràn yín lọ́wọ́, kò ní pé 20,000. Ìrànlọ́wọ́ yẹn dópin ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án 2025, ilé-iṣẹ́ náà sì wá ń sọ̀rọ̀ nǹkan bíi 25,000. Ẹ fi Ford Maverick wé e: ìjókòó márùn-ún, ilẹ̀kùn mẹ́rin, rédíò, epo díẹ̀, bíi 28,000 dọ́là ní 2025. Ẹni tí kò ní ibi tó máa ti gba iná, Maverick ni kó lọ wò. Ti rédíò kò já mọ́ nǹkan lójú mi, fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ràn lára Slate ni pé ike ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n fi bóòtù dè é, bí ẹnì kan bá gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lè tú u kẹ́ ẹ de tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò wá láti Èkó àti Ìbàdàn, tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè pé ṣé ká fi ṣọwọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi í sínú kọ̀ǹténà. Ilé-iṣẹ́ tuntun ni, Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún.

Lálẹ́ òní, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ jáde lọ sí ibi tẹ́ ẹ̀ ń páàkì. Ẹ wo ògiri tó sún mọ́ ọn jù. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná wá yẹ wáyà rẹ̀ wò. Bí kò bá sí, ẹ bi í ní iye tó máa gbà láti fa ọ̀kan débẹ̀, kẹ́ ẹ fi iye yẹn kún owó ọkọ̀.