Ta ló gbé ta ró: Ọ̀yọ́ Ilé ni, àbí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn tó ti mọ̀ mí mọ orin tí mo máa ń kọ: kì í ṣe ẹṣin ogun ló gbé Ọ̀yọ́ Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ró, àwọn ìlú tó yí i ká ni. Ẹ̀yin tó gbà pé ẹṣin ni, tó wà níjòókòó, ẹ má bínú. (Ẹ̀rín.)

Ẹ jẹ́ ká wo òrùlé ààfin. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bò ó. Bí ọdún Bẹẹrẹ bá ti dé, àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ á gé koríko, wọn á dì í ní ìtí-ìtí, wọn á rù ú wá fún Aláàfin. Ẹ lè ní kí ni koríko já mọ́. Ìlú tí kò bá mú tirẹ̀ wá ti sọ ọ̀rọ̀ tó le láìlanu, nítorí ọ̀tẹ̀ nìyẹn. Ọba tí ilé rẹ̀ máa jò bí ará oko bá bínú, ṣé òun nìkan ló ń pàṣẹ lóòótọ́?

Ẹ tún wo Ẹdẹ Ilé. Ìtàn Tìmì, olórí Ẹdẹ, kò ṣàjèjì sí yín: Ọ̀yọ́ ló rán an lọ ṣọ́ ọ̀nà lágbègbè Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran wa ilẹ̀ ibẹ̀, ó bá owó ẹyọ àti àpáàdì ìkòkò tó jọ ti Ọ̀yọ́ Ilé. Igi oṣè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Igi inú pápá ọ̀dàn ni oṣè, àwọn tó ṣí wá láti ìhà àríwá ló mú un dání. Mo gbà, egungun ẹṣin náà wà níbẹ̀. Ẹ rọra pàtẹ́wọ́! Ta ló ń gé koríko fún ẹṣin ọ̀hún?

Alága ti ń wo aago. Ẹkùn Ọ̀tún, Ẹkùn Ọ̀sì, Ìbòlò, Ẹpo, àwọn ẹkùn ilẹ̀ Ọ̀yọ́: ẹ mọ̀ wọ́n, mo fò wọ́n. Lísàbí tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ náà, ẹ mọ̀ ọ́n: àáró, àjọṣe iṣẹ́ oko, ló fi bẹ̀rẹ̀, pípa àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, ló fi parí.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn: “Bàbá, bó bá jẹ́ pé àwọn ìlú yìí ló gbé Ọ̀yọ́ ró, kí ló dé tí wọn ò gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ogun tó tú u?”

Ẹ ṣeun, Màmá. Ó ti sú wọn ni. Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, kì í gbé olú-ìlú. Ìlọrin ni Afọ̀njá, Kakaǹfò ìgbà náà, wà tó fi kẹ̀yìn sí Aláàfin ní nǹkan bí ọdún 1817. Àwọn ìlú mìíràn ká ọwọ́ gbera, oníkálukú ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín àwọn ọdún 1830, àwọn ìlú bí Ogbómọ̀ṣọ́ gba ogunléndé, wọ́n sì di ńlá. Aláàfin Àtìbà ní tirẹ̀ lọ sí Agọ́ Ọ̀jà, tó di Ọ̀yọ́ tòní, ó gbé oyè àti ìṣe ààfin dání, ṣùgbọ́n èèyàn kò tó. Kí ló ṣe? Ó kó àwọn ará ìletò tó wà nítòsí wọ inú ìlú náà, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ipá. Àkéètàn tí ẹ ń gbà kọjá ní Ọ̀yọ́ lónìí, ìlú ọ̀tọ̀ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀.